Káún, táímà àti omi ìdọ̀tí ẹsíteètì kan ní Lokogoma

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n máa ń pa búlówà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ìdọ̀tí, ó di aago márùn-ún ìdájí kí wọ́n tó tún tàn án. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Alága kan tó ti kúrò nípò ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀ nígbà tí dísẹ́ẹ̀lì gbówó lórí, àṣẹ sì di àṣà. Nígbà tí mo bi Bàbá Ọ̀fà, tó ń bójú tó pláǹtì tí wọ́n ti ń tún omi ìdọ̀tí ẹsíteètì náà ṣe, pé kí ló fà á, ó wò mí bíi pé mo bi í ní ohun tọ́mọdé mọ̀. "Ẹnjiníà, àwọn onílé ti sùn. Kí lẹ fẹ́ kí ẹ̀rọ máa dá ṣe lóru?"

Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé àwa náà ṣì ń bọ̀ wá máa pa búlówà ọ̀hún, àti pé pípa tá a bá ń pa á ló máa tún omi náà ṣe.

Lokogoma ni ẹsíteètì yìí wà, nílùú Abuja. Ilé bí 120, èèyàn bí 600. Omi ìdọ̀tí àárín ìlú máa ń gba inú páìpù ńlá lọ sí Wupa, lápá Idu, níbi tí wọ́n kọ́ pláǹtì tó lè gba omi tó lé ní lítà mílíọ̀nù 130 lójúmọ́. Páìpù yẹn kò dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Sókàwé ni ọ̀pọ̀ àwọn tó yí wọn ká gbẹ́, àmọ́ ẹni tó kọ́ ẹsíteètì yìí ṣe bí ọmọlúàbí, ó kọ́ pláǹtì kékeré sí igun ìsàlẹ̀ pátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tóóró kan: àwọ̀n irin tó ń gba ike àti aṣọ, táńkì afẹ́fẹ́ tó gùn ní mítà 6, tó fẹ̀ ní mítà 4, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà 3, táńkì ìtòrò níbi tí ìdọ̀tí ti ń sùn sísàlẹ̀ kí omi òkè lè mọ́, àti kòtò kékeré tí wọ́n ti ń fi kiloríìnì sí i kó tó ṣàn lọ sódò. Nǹkan bí lítà 72,000 ló ń gba ibẹ̀ kọjá lójúmọ́.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni lẹ́tà kan. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ti wá bu omi tó ń jáde sódò, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní amóníà inú rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 41 nínú lítà kan. Ewé odò ti bo ojú omi ní ìsàlẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Wọ́n tún mẹ́nu kan kànga kan lódìkejì tí náítíréètì inú rẹ̀ jẹ́ 68, bẹ́ẹ̀ 50 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti òfin omi mímu Nàìjíríà fọwọ́ sí. Ti kànga yẹn, mo sọ fún alága tuntun lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀bi yẹn kì í ṣe tiwọn nìkan. Sókàwé ló yí kànga náà ká bí ọmọ ogun. Àmọ́ ti odò, tiwọn ni.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí amóníà ti ń wá. Ẹ̀wà, ẹran, ẹja, ẹyin, gbogbo ohun tó ń mú ara dàgbà tá a ń jẹ, náítírójìn wà nínú rẹ̀. Èyí tí ara kò lò, ìtọ̀ ló ń gbé e jáde. Kó tó rìn dé pláǹtì, ó ti di amóníà, òórùn tá a máa ń gbọ́ ní ilé ìtọ̀ inú gáréèjì nìyẹn. Tó bá dé odò bẹ́ẹ̀, ó ń pa ẹja, ó ń gba afẹ́fẹ́ inú omi, ó sì ń bọ́ ewé odò. Tó bá yí padà di náítíréètì tó wọ inú kànga, tí wọ́n sì fi omi yẹn po mílíìkì fún ọmọ ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ. Ètè àti èékánná rẹ̀ á ṣú bí aró. Ìdí nìyí tí òfin 50 yẹn fi wà.

Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó gbé ìwé owó pláǹtì tuntun kalẹ̀, èyí tó ní awọ tín-ín-rín tí omi ń gbà kọjá. Ẹ̀rọ gidi ni, n kò bú u. Ṣùgbọ́n owó tó kọ síbẹ̀ á ra ilé oníyàrá mẹ́rin nínú ẹsíteètì náà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ ni Bàbá Ọ̀fà, tí kò ní ju sípánà àti tọ́ọ̀ṣì lọ. Mo bẹ alága pé kó fún mi ní oṣù mẹ́ta.

Inú táńkì afẹ́fẹ́, kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1914 tí Ardern àti Lockett, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, ti gbé ọ̀nà yìí jáde ní Manchester, kò tíì sí ẹni tó rí òṣìṣẹ́ tó dín owó jù wọ́n lọ. Oríṣi méjì ló kàn wá níbí. Àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń jẹ amóníà: Nitrosomonas àti irú wọn ń sọ ọ́ di náítíráìtì, Nitrospira àti irú tiwọn ń sọ ìyẹn di náítíréètì. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń gbé, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ gan-an. Gíráàmù kan náítírójìn tó wà nínú amóníà máa gba gíráàmù ọ́síjìn 4.57. Wọn kì í tètè bímọ. Ẹ lé wọn kúrò nílé lónìí, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó kún padà.

Oríṣi kejì kò nira bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá wà, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń mí. Tí afẹ́fẹ́ bá tán, wọ́n á yọ ọ́síjìn tó wà nínú náítíréètì, wọ́n á fi mí, èyí tó kù á sì di gáàsì náítírójìn tó ń hó jáde lọ sójú ọ̀run, irú kan náà tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tá à ń mí sínú. Kò sí ewu kankan nínú ìyẹn. Àmọ́ wọ́n ní láti rí oúnjẹ jẹ lásìkò náà, oúnjẹ ọ̀hún sì ni ìdọ̀tí tútù tó ń ti ilé wá.

Nítorí náà, afẹ́fẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, àìsí afẹ́fẹ́ lẹ́yìn náà. Bàbá Ọ̀fà gbọ́, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ohun tí à ń ṣe náà nìyẹn? A ń tàn án lọ́sàn-án, a ń pa á lóru."

Ìbéèrè yẹn dá mi dúró, nítorí pé ó jọ òótọ́. Mo lọ dúró tì í níbẹ̀ láago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ kan kí n lè rí i fúnra mi. Táńkì náà dákẹ́ rọ́rọ́. Gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ ti sùn sísàlẹ̀ láti aago mẹ́wàá, omi lásán ló wà lókè, ó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Kò sí ẹni tó ń rò ó. Kòkòrò wà nísàlẹ̀, ohun tó yẹ kí wọ́n jẹ wà lókè, wọn kò pàdé. Láago márùn-ún ni balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹsíteètì náà jí lẹ́ẹ̀kan náà, kí búlówà tó rí ìdí ara rẹ̀ mú, amóníà àárọ̀ ti kọjá lọ.

Ìyẹn tún kéré sí ti ọkọ̀ agbẹ́gbin. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ọkọ̀ náà ń wá, tó ń fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú táńkì títí yóò fi han ìsàlẹ̀. Inú àwọn ìgbìmọ̀ ẹsíteètì ń dùn sí i, wọ́n ka ìyẹn sí ìmọ́tótó. Àwọn kòkòrò tí kì í tètè bímọ yẹn ni wọ́n ń fa lọ. Bí èèyàn bá ń gé ewúro rẹ̀ kanlẹ̀ lójoojúmọ́, ewé wo ló fẹ́ rí já?

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò gba ọgbọ́n kankan. A dá ọkọ̀ dúró, a ní kí Bàbá Ọ̀fà máa yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, a sì jẹ́ kí búlówà ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Alága kùn nítorí dísẹ́ẹ̀lì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, amóníà já láti 41 wá sí 3. Alága pè mí, ó ń yìn mí, mo sì gbà á, ká má purọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló dójú tì mí. Amóníà tún ti gòkè dé 15. pH, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni omi ń kan sí i), tó máa ń wà ní 7 lé díẹ̀, ti bọ́ sí 6.1. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ ń fò ní ìṣù-ìṣù lójú táńkì ìtòrò, ó ń tẹ̀lé omi jáde.

Bàbá Ọ̀fà kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ike omi kan tó ti gé ọrùn rẹ̀, ó bu omi táńkì afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ó gbé e sórí búlọ́ọ̀kù níbi tí òòrùn kò dé, ó ní kí n jókòó. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ pátápátá, omi òkè ti tòrò. Mo ní ó dára. Ó ní, "Ẹ má tíì dìde." A jẹ mọ́ínmọ́ín. Ó sọ ìtàn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìlọrin. Nígbà tó máa fi súnmọ́ wákàtí méjì, hóró afẹ́fẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ara gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà, odindi rẹ̀ sì gbéra nílẹ̀ ike, ó léfòó wá sókè bí àkàrà nínú epo. Bàbá wò mí. "Ó ti ń ṣe báyìí láti ọjọ́ márùn-ún."

Gáàsì náítírójìn nìyẹn. Iṣẹ́ tá a fẹ́ kí oríṣi kejì ṣe, wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n inú táńkì ìtòrò ni wọ́n ti ń ṣe é, níbi tí kò yẹ. Náítíréètì pọ̀ nínú omi, kò sì rí ibòmíràn lọ.

Ti pH, ìṣirò ni mi ò ṣe dáadáa. Kòkòrò tó ń jẹ amóníà máa ń mú kí omi kan. Ohun tí kì í jẹ́ kí omi kan, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní alikalíníìtì, ni wọ́n ń jẹ run: gíráàmù kan náítírójìn á jẹ gíráàmù 7.14 nínú rẹ̀. Omi tó ń wọlé síbẹ̀ ní mílígíráàmù 280 rẹ̀ nínú lítà kan. Amóníà tí à ń yí padà jẹ́ bí 50. Ẹ fi 50 ṣe ìlọ́po 7.14, ó di 357. Gbèsè 77 la ń jẹ lójoojúmọ́. Nígbà tí omi bá kan tó bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò náà fúnra wọn á ṣíwọ́ iṣẹ́, amóníà á sì tún gòkè.

Mo ń ṣàlàyé èyí fún Bàbá Ọ̀fà, mo ní a nílò ohun kan tó máa pa kíkan yẹn. Ó ní, "Bíi káún?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ẹnu mi ti ṣí. Káún kẹ̀, ohun tá a fi ń se ewédú! Ṣùgbọ́n sódà inú ilẹ̀ ni káún jẹ́, láti agbègbè Adágún Chad ni wọ́n ti ń gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ wá, irú sódà bẹ́ẹ̀ sì máa ń pa kíkan. Tó bá jẹ́ ògidì, kílò kan rẹ̀ á ṣe iṣẹ́ tó tó gíráàmù 660 nínú ìṣirò alikalíníìtì wa. Ti ọjà ní iyẹ̀pẹ̀ nínú, kò lè tó bẹ́ẹ̀. A lọ sọ́jà Garki, a ra kílò 15 lọ́wọ́ Hausa kan tó bi wá bóyá màlúù la fẹ́ fún. A gún un, a rẹ ẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù di ọjọ́ kejì, a jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sùn sísàlẹ̀, Bàbá sì ń bu omi rẹ̀ sí táńkì afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Tá a bá dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà, pH á fò sókè, ìyẹn náà ń pa kòkòrò. pH padà sí 7. Amóníà padà sí 4.

Káún kì í ṣe ìwòsàn tá a fẹ́ máa rà lọ títí. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi nìyí: bí oríṣi kejì bá ń fọ́ náítíréètì, wọ́n ń dá alikalíníìtì padà, gíráàmù 3.57 fún gíráàmù kan náítírójìn. Wọ́n sì ń gba ọ́síjìn 2.86 padà fún wa lórí ìdọ̀tí tí wọ́n jẹ. Èèyàn tó bá ń fún omi ní afẹ́fẹ́ láìdúró ń san owó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà ṣe é ni pé kí wọ́n kọ́ yàrá kan tí kò ní afẹ́fẹ́ síwájú táńkì, kí wọ́n sì máa fi púḿpù dá omi padà síbẹ̀. James Barnard, ẹnjiníà ọmọ South Africa, ló tún ọ̀nà yìí ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tó fi di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Táńkì tiwa kò ní àyè tá a lè gé. Nítorí náà, a pín àsìkò dípò ká pín táńkì. A ra táímà kan, irú èyí tí wọ́n fi ń tan iná ìta, kó máa tan búlówà, kó sì máa pa á. Ìṣẹ́jú 75 afẹ́fẹ́, ìṣẹ́jú 45 kò sí afẹ́fẹ́, tọ̀sán-tòru.

Kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ má baà sùn nígbà tí búlówà bá kú, a so púḿpù kékeré tí àwọn bíríkìlà fi ń fa omi kúrò nínú ìpìlẹ̀ mọ́ ṣéènì, a rì í sínú táńkì kó lè máa rò ó. Èmi ni mo yí ẹnu rẹ̀ sókè. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, náítíréètì kò wálẹ̀ láti 40. Mo yẹ táímà wò, mo yẹ wáyà wò, mo tún pH wọ̀n. Bàbá Ọ̀fà ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì lákòókò tí búlówà kú, ó nàka sójú omi: omi ń ta sókè bí ìsun, ó ń já padà pẹ̀lú hóró afẹ́fẹ́ funfun. "Ẹ ní ká pa afẹ́fẹ́. Èyí ńkọ́?" Mo fa ṣéènì, mo yí ẹnu púḿpù sí ìsàlẹ̀, kó máa gbá ilẹ̀ táńkì láìfọwọ́ kan ojú omi. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, náítíréètì bọ́ sí 12, amóníà dúró sí 2. (Náítírójìn inú rẹ̀ ni mò ń kà níbí, ti 50 òfin omi mímu, odindi náítíréètì ni wọ́n ń kà, ó sì bá bíi 11 mu ní ìṣirò tiwa. Àṣìṣe yẹn ti da àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá láàmú.)

Ìṣirò káún wá pé fúnra rẹ̀. A fọ́ 38 nínú náítíréètì náà, 38 lọ́nà 3.57 jẹ́ 136. 280 kúrò lára 357, gbèsè 77. 136 padà wọlé, ó ku bí 59 lọ́wọ́. pH dúró ní 6.9. Ìdajì àpò káún ṣì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀rọ, fún ọjọ́ tí nǹkan bá yí. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò fò mọ́ nínú táńkì ìtòrò.

Ohun tó ya alága lẹ́nu ni wákàtí. Tẹ́lẹ̀, aago márùn-ún ìdájí sí mẹ́wàá alẹ́, wákàtí 17 ni búlówà ń ṣiṣẹ́, omi kò mọ́. Nísinsìnyí, ìṣẹ́jú 75 nínú 120, wákàtí 15 ló jẹ́ lójúmọ́, omi mọ́. Ó ní kí n tún un ṣírò. Mo tún un ṣírò níwájú rẹ̀ lórí ẹ̀yìn lẹ́tà tó gbé mi wá. Kiloríìnì náà dínkù, nítorí amóníà ló ti ń gbé e mì kó tó kan kòkòrò àrùn. Ìyẹn kò sí nínú ètò mi, ẹ̀bùn ni.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yọ̀. Ìyá kan láti Ìsẹ́yìn ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sétí odò náà, ẹ̀rọ kékeré ló fi ń fa omi rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó dúró dè mí lójú ọ̀nà. "Ọmọ mi, kí lẹ ṣe sómi yìí? Ẹ̀fọ́ mi ò tutù mọ́. Ẹ ti kó ajílẹ̀ mi lọ." Òótọ́ ló sọ. Náítírójìn tá a sọ di gáàsì ni ìyá náà ń rà nísinsìnyí nínú àpò yúríà. Mo gbìyànjú láti sọ fún un nípa ẹja àti kànga ìsàlẹ̀, ó gbọ́, àmọ́ kò gbà. Ó ní kí n fún òun ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí Bàbá ń yọ. Mo ní kò ṣeé ṣe báyìí, ẹyin aràn wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń jẹ tẹ̀tẹ̀ láì sè é jinná. Bí a bá rí owó kọ́ ibi tá a ti máa sá a gbẹ fún oṣù mélòó kan, ká fi sí ìdí igi eléso, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ìgbìmọ̀ ẹsíteètì kò tíì fọwọ́ sí owó yẹn.

Ní oṣù Kejìlá, Abuja tú. Ẹni tó bá mọ ìlú yìí mọ̀ pé tí Kérésì bá kù bí ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo èèyàn ti wọ ọkọ̀ lọ sílé. Bàbá Ọ̀fà fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní ilé tó ṣì ń tan iná nínú ẹsíteètì náà kò tó ogójì, omi tó ń wọlé ti fẹ́ gbẹ, òun sì ti dín afẹ́fẹ́ kù sí ìṣẹ́jú 30, nítorí ebi ń pa kòkòrò, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù á mú kí wọ́n máa jẹ ara wọn. N kò kọ́ ọ nìyẹn. Mo bi í ibi tó ti gbọ́ ọ. Ó ní ike ló sọ fún òun: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ń fọ́ wẹ́wẹ́, omi òkè kò tòrò mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní, gbogbo wọn ti dé, amóníà fò sí 11. Bàbá ti dá táímà padà sí 75 kí n tó débẹ̀. Ó gba ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó padà sí 2.